Àwọn Tí Ó Bọ̀ àti Àwọn Tí Kò Bọ̀

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ti jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ó ti ojú ogun bọ̀ ni a fi ń gbọ́ ìròyìn ogun. Ẹni tí ó ṣubú sí ojú ìjà kò ní ẹnu tí yóò fi sọ tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó lù mọ́lẹ̀ kò lè wá sí agbo kí ó wí pé, báyìí ni ó rí. Nítorí náà ni ìtàn ogun fi máa ń dùn létí ju bí ogun tìkára rẹ̀ ti rí lọ, nítorí pé àwọn tí orí kó yọ ni ó ń pa á. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà ní ọkàn wa nígbà tí a mú kálámù láti kọ díẹ̀ nípa àwọn ọkùnrin mẹ́wàá kan, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú lọ jagun lókè ilẹ̀ Yúróòpù nígbà ogun tí àwọn baba wa ń pè ní Ogun Hítílà, tí gbogbo wọn sì padà sí ilé láàyè.

Orúkọ ọkọ̀ náà ni Memphis Belle, èyí tí ó túmọ̀ sí Arẹwà Obìnrin Ìlú Memphis. Ọ̀gákọ̀ rẹ̀, Robert Morgan, ọmọ ìlú Asheville ní North Carolina, ẹni ọdún 24, ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí omidan kan, Margaret Polk, ará Memphis, tí í ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà. A ti ka ìtàn ọkọ̀ yìí, a sì ti wo sinimá tí a yà nípa rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn kan ń kà á bí ìtàn akọni. Àwọn kan ń kà á bí ìtàn oríire. Ní ti àwa, ẹ̀kọ́ tí a rí níbẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa gbé e yẹ̀wò.

Kí a tó wọ inú ọkọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀. Ogun ti ń jà ní Yúróòpù láti 1939, ṣùgbọ́n ìparí 1941 ni Amẹ́ríkà tó wọ inú rẹ̀. Ní 1942 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wọn tí a ń pè ní Eighth Air Force bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó sí ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tìkára wọn ti kọ́gbọ́n pé ẹni tí ó bá fi ojúmọmọ fò wọ ilẹ̀ Jámánì, ikú ni ó ń pè. Nítorí náà òru ni wọ́n ń lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, kò sí ẹni tí ó lè mọ ilé-iṣẹ́ ìbọn yàtọ̀ sí ilé arúgbó nínú òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ni ó yẹ kí a lọ, kí ojú lè rí ohun tí ọwọ́ ń sọ òkò lù. Nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè méjèèjì pàdé ní Casablanca ní oṣù kìíní 1943, wọ́n fi ẹnu kò sí i pé kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ: àwọn Gẹ̀ẹ́sì lóru, àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ Jámánì má baà ní ìsinmi.

Irú ọkọ̀ tí àwọn Morgan wọ̀ ni B-17, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Odi Tí Ń Fò. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni ó gbé e. Láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó èkejì lé ní ẹsẹ̀ bàtà 103. Ìbọn arọ̀jò-ọta sì yí i ká níwájú, lẹ́yìn, lókè, nísàlẹ̀ àti ní ìhà méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gún ti yí òòrẹ̀ ká. Àwọn tí ó ṣe é gbàgbọ́ pé bí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fò pọ̀, kò sí ọ̀tá tí yóò lè sún mọ́ wọn. A ó tún padà sórí ìgbàgbọ́ yìí, nítorí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni ó ti ipa rẹ̀ ṣòfò.

Ènìyàn mẹ́wàá ni í máa wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀. Ní imú ọkọ̀ gan-an, lẹ́yìn dígí, ni Vincent Evans jókòó sí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ju bọ́ǹbù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Charles Leighton wà pẹ̀lú àwòrán-ilẹ̀ àti pẹ́ńsù rẹ̀, òun ni ó ń wo ọ̀nà. Lókè wọn ni Morgan àti igbákejì rẹ̀, James Verinis, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń tu ọkọ̀. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni Harold Loch dúró, ẹni tí ó mọ tinú-tòde àwọn ẹ́ńjìnnì, tí orí rẹ̀ sì yọ sí inú ilé ìbọn onídígí kan ní òrùlé ọkọ̀. Àárín ni iyàrá bọ́ǹbù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Robert Hanson jókòó ti ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì. Clarence Winchell àti Casimer Nastal dúró ní ìbàdí ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún atẹ́gùn. Cecil Scott ni ó ní ipò tí ó burú jù lójú wa: inú bọ́ọ̀lù irin àti dígí kan tí ó so rọ̀ sábẹ́ ikùn ọkọ̀, níbi tí ó ti ká eékún mọ́ àyà bí ọmọ inú oyún. Àyè ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó sí irú ipò bẹ́ẹ̀ kò lè de agbòjò ńlá tí a fi ń bọ́ sílẹ̀ láti òkè mọ́ra. Ní ìrù, ní òun nìkan, ni John Quinlan kúnlẹ̀ sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni ó ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ.

Kí ogun tó dé, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò mọ ara wọn. Láti ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé, ọ̀kan ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Ṣùgbọ́n ní òkè, ẹ̀mí olúkúlùkù wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ọ̀gákọ̀ kò lè rí ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó wà ní ìrù kò mọ ohun tí ó wà níwájú. Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó lè wí fún ẹni tí ó wà lókè pé epo ń jò lábẹ́ ìyẹ́. Wáyà tí ó gba ohùn kọjá láti etí kan dé òmíràn ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A kò tí ì rí ibi tí òwe náà ti ṣẹ tó báyìí.

Ọ̀tá kìíní wọn kì í ṣe ará Jámánì, bí kò ṣe òfurufú fúnra rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 25,000, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ìbòjú èémí rẹ̀ bá yọ yóò dákú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì kú láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ń kú. Òtútù ibẹ̀ ju ohunkóhun tí a lè fi wé e ní ilẹ̀ wa lọ. Ọyẹ́ tí ń la ètè wa jẹ́ ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán kan irin ìbọn, awọ ọwọ́ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì bó. Aṣọ tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n bí wáyà kan bá já nínú rẹ̀, ìka ọwọ́ tàbí ìka ẹsẹ̀ lè kú. Ọ̀pọ̀ ni ó dé ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé ọta kan bà wọ́n, òtútù nìkan ni ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ ìjà, a ó jí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn yóò jẹun, a ó sì kó wọn jọ sí iyàrá kan níwájú àwòrán-ilẹ̀ ńlá tí a fi aṣọ bò. A ó ká aṣọ náà kúrò, wọn yóò sì rí okùn tí ó nà láti Bassingbourn, pápá wọn ní agbègbè Cambridge, títí dé ibi tí a ń rán wọn lọ. Bí okùn náà bá kúrú, wọn a mí kanlẹ̀; bí ó bá gùn wọ ilẹ̀ Jámánì, ilé a pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà wọn yóò gbéra, ọkọ̀ tẹ̀lé ọkọ̀, wọn yóò máa yí po lókè títí gbogbo wọn yóò fi tò bí lékèélékèé tí ń lọ sùn, kí ìbọn ọ̀kan lè máa bo èkejì. Ọkọ̀ tí ó bá yà kúrò nínú ọ̀wọ́, òun ni àwọn ọ̀tá yóò kọ́kọ́ dojú kọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù ni ìṣẹ́jú mélòó kan kí bọ́ǹbù tó bọ́. Ní àkókò yìí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yà sọ́tùn-ún, kò gbọdọ̀ yà sósì, bí àwọn ìbọn ńlá tí ó wà nílẹ̀ tilẹ̀ ń bú gbàù yí i ká. Nítorí bí ọkọ̀ bá mì, ẹ̀rọ tí Evans fi ń fojú sun ilẹ̀ yóò ṣì í lọ́nà. Ẹni tí ó wà ní imú ni ó ń darí ọkọ̀ nígbà náà. Ọ̀gákọ̀ yóò jókòó, yóò sì máa wò. Ẹ ro bí yóò ti rí fún Quinlan ní ìrù, tí ó ń rí ẹ̀fín dúdú tí ń là lẹ́yìn wọn, tí kò sì ní ohun kan tí ó lè ṣe ju kí ó wà níbẹ̀ lọ. Ìgboyà tí àwa mọ̀ láti inú ìtàn àwọn baba wa ni ti ẹni tí ń sáré lọ pàdé ọ̀tá. Ìgboyà kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ ní ipò rẹ̀, nítorí pé bí ó bá sá, ẹni mẹ́sàn-án ni yóò kú, òmíràn ni èyí, kò sì rọrùn láti kọ orin nípa rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, àwọn tí ó wà ní pápá yóò jáde, wọn yóò gbójú sókè, wọn yóò sì máa kà: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí iye tí ó bọ̀ kò bá pé iye tí ó lọ, a ó kó ẹrù àwọn tí kò bọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, kò sì ní pẹ́ tí àlejò mìíràn yóò fi máa sùn síbẹ̀.

Àwọn aláṣẹ rí i pé kò sí ẹ̀dá tí ó lè máa bá irú ìgbé-ayé yìí lọ títí. Nítorí náà wọ́n fi àṣẹ lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá lọ nígbà 25, tí ó sì bọ̀ nígbà 25, kí ó máa lọ sí ilé. Ní 1944 wọ́n sọ iye náà di 30, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di 35. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àwọn Morgan, 25 ni. Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, sí Brest ní etí òkun ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1943 ni wọ́n lọ ìgbà ìkẹyìn, sí Lorient. Láàrin méjèèjì, wọ́n dé Saint-Nazaire, Lille, Rouen, Wilhelmshaven, Bremen àti ibòmíràn.

Lorient àti Saint-Nazaire ni a rán wọn lọ léraléra, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n kọnkéré òrùlé ilé tí a kọ́ fún ọkọ̀ wọnnì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ǹbù B-17 kò lè là á. Bọ́ǹbù àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ará Amẹ́ríkà wó ìlú méjèèjì palẹ̀. Àwọn ilé kọnkéré náà kò wó, wọ́n wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn. Ènìyàn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu tọkàntọkàn, kí ó ṣe gbogbo ohun tí a rán an, kí iṣẹ́ náà má sì yọrí sí ohun tí a rò.

Ọta ìbọn lu ọkọ̀ Morgan láìmọye ìgbà. Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ìyẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn mẹ́wàá, Quinlan ni ó fara gbọgbẹ́ díẹ̀ ní ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kú. Ọba George Kẹfà àti Ayaba Elizabeth wá kí wọn ní pápá wọn ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 1943. Ní oṣù kẹfà wọ́n fi ọkọ̀ náà fò padà sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì lọ láti ìlú dé ìlú kí àwọn ará ilé lè rí wọn, kí wọ́n sì lè yá ìjọba lówó láti fi ná ogun. William Wyler, ẹni tí a bí ní Mulhouse nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Jámánì, ti bá wọn fò, ó sì ti ya àwòrán. 1944 ni sinimá rẹ̀ jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí ó bá a ṣiṣẹ́, Harold Tannenbaum, wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí òkè ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹrin 1943, kò sì bọ̀.

Títí dé ibí yìí, bí a bá yọ ti ayàwòrán náà kúrò, ìtàn ayọ̀ ni. Ó sì tọ́ kí ìyá tí ó rí ọmọ rẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe wa, a jókòó ti àwọn àgbà tí ó ti Búrúmà bọ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti bá àwọn ará Jàpáànì jà ní 1944 àti 1945. A ṣàkíyèsí pé bí a bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ṣe yọ nínú igbó náà, wọn kì í wí pé agbára àwọn ni, tàbí ọgbọ́n àwọn ni. Wọn a dákẹ́ díẹ̀; lẹ́yìn náà wọn a dárúkọ ẹlòmíràn. Àṣà àwọn àgbà wọ̀nyí ni a fẹ́ tẹ̀lé nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ ẹlòmíràn.

Ní àkọ́kọ́, àwọn Morgan kọ́ ni ó kọ́kọ́ pé 25. Ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Hell's Angels ti pé e ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún kan náà, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú wọn. Òmíràn tí a ń pè ní Hot Stuff ti lọ nígbà 31. Ó ń padà sí ilé ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1943, ó sì gbé Ọ̀gágun Frank Andrews, olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù, nígbà tí ó forí sọ òkè ní Iceland nínú ojú ọjọ́ tí ó burú. Ènìyàn 15 ni ó wà nínú rẹ̀, 14 kú. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ ní ọjọ́ náà, bóyá orúkọ wọn ni a kì bá máa kọ sínú ìwé yìí. Àní nínú Memphis Belle pàápàá, àwọn ọkùnrin mìíràn ti jókòó sí àwọn ipò tí a dárúkọ, kí àwọn tí ó wà nínú àwòrán tó gba ipò wọn. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ayé ń pàtẹ́wọ́.

Ní Yunifásítì Columbia ní New York, onímọ̀ ìṣirò kan wà nígbà náà, Abraham Wald, ọmọ Júù tí ó ti sá kúrò ní Vienna nítorí àwọn Násì. Ó ṣe ìṣirò lórí àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ọta ti lù. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, ibo ni ọta ti ń pa ọkọ̀ lára jù? Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò wo àwọn ọkọ̀ tí ó bọ̀, yóò sì nawọ́ sí ibi tí ihò pọ̀ sí. Wald kọ́ wọn ní 1943 láti ronú lọ́nà mìíràn. Àwọn ọkọ̀ tí ó bọ̀ nìkan ni ojú lè rí. Àwọn tí kò bọ̀ ni ó ni ìdáhùn. Bí ihò kò bá pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì àwọn tí ó bọ̀, kì í ṣe pé ọta kì í lu ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí ọta bá lù ní ẹ́ńjìnnì ni kì í sábà bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ irin. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó gba àwọn mẹ́wàá là, kò tó kí a bi àwọn mẹ́wàá nìkan.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bi àwọn yòókù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1943, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìrìnàjò ìkẹyìn àwọn Morgan, ọkọ̀ 376 lọ sí Schweinfurt àti Regensburg. 60 kò bọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 291 gbéra lọ sí Schweinfurt kan náà. 60 kò tún bọ̀. Ènìyàn 10 ni ó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ bá wa ṣe ìṣirò náà. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú èyí, ọkọ̀ 13 láti inú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní 100th Bomb Group ti fò dé òkè ìlú Münster. Ọ̀kan ṣoṣo, èyí tí Robert Rosenthal ń tù, ni ó padà dé pápá wọn. Ǹjẹ́ a ha lè wí pé nínú àwọn 12 tí kò bọ̀, kò sí ọ̀gákọ̀ tí ó já fáfá? Ǹjẹ́ a ha lè wí pé àwọn ènìyàn inú wọn kò fẹ́ràn ara wọn, tàbí pé ẹni tí ó wà ní ìrù kò mójú tó ẹ̀yìn? Rárá o. Gẹ́gẹ́ bí àwọn Morgan ti wà ní ìṣọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Ikú kò sì bèèrè.

Ohun tí ó fa ìparun yìí ni pé Odi Tí Ń Fò kò lè dá ara rẹ̀ gbà, bí ìbọn rẹ̀ ti pọ̀ tó. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ìbá dáàbò bò wọ́n kò lè gbé epo tó láti bá wọn dé ọ̀nà jíjìn. Ìgbà tí 1944 wọlé ni irú èyí tí a ń pè ní Mustang bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n lọ, tí ó sì ń sìn wọ́n bọ̀. Nínú àwọn asìnnilọ wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà wà, àwọn tí a kọ́ ní Tuskegee ní Alabama, tí Benjamin Davis jẹ́ olórí fún. Láti ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n kun ìrù ọkọ̀ wọn ní pupa, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ bọ́ǹbù a sì máa yọ̀ bí wọ́n bá rí i. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé! Òfin ìyàsọ́tọ̀ ìgbà náà kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú jókòó pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá nínú ọkọ̀ bíi ti Morgan. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ ṣe apata fún wọn. Títí di 1948 tí Ààrẹ Truman fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, Amẹ́ríkà mọ bí ènìyàn mẹ́wàá ti í di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó yan àwọn tí ó lè wà nínú mẹ́wàá náà.

Ó ku ìṣirò kan, òun ni ó sì wúwo jù. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1943, a rán àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Mortsel, ní ẹ̀bá Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, láti ba ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ níbi tí àwọn ará Jámánì ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ogun ṣe. Morgan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó lọ, nínú ọkọ̀ mìíràn tí kì í ṣe Memphis Belle. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òru. Díẹ̀ nínú bọ́ǹbù náà ba ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bọ́ sí àárín ilé àwọn ènìyàn àti sí ilé-ìwé. Ènìyàn 936 ni ó kú, ọmọdé 209 sì wà nínú wọn. Wọn kì í ṣe ará Jámánì; ará Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n, lára àwọn tí a wí pé a wá gbà sílẹ̀. Láti òkè bẹ́ẹ̀, ẹ̀fín nìkan ni ènìyàn lè rí. Kò lè gbọ́ igbe. Nínú ìṣirò 25, ẹyọ kan péré ni ọjọ́ náà.

A kò kọ èyí láti dá àwọn mẹ́wàá lẹ́bi. Ìjọba tí wọ́n ń bá jà ń pa àwọn Júù àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn ní ìpakúpa ní àkókò náà gan-an, kì bá sì dáwọ́ dúró nítorí ẹ̀bẹ̀. Bí a bá wí pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a jà, a ti purọ́. Bí a bá sì wí pé ohun gbogbo tí a ṣe láti bá a jà dára, a ti tún purọ́. Ó sàn kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì dání, bí wọ́n tilẹ̀ wúwo, ju kí a sọ ọ̀kan nù kí ọwọ́ lè fúyẹ́.

Kí ni ó kù tí a lè yìn? Ohun tí a rí ni èyí. Ìṣọ̀kan àwọn mẹ́wàá kò lé ikú sẹ́yìn. Bí ó bá lè lé e ni, àwọn ti Münster ìbá bọ̀. Ohun tí ìṣọ̀kan ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n lè dúró ní ojú ikú láìfi ara wọn sílẹ̀. Èyí nìkan ni ó wà ní ọwọ́ wọn. Bíbọ̀ kò sí ní ọwọ́ wọn. Bóyá Morgan tìkára rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdùnnú àwọn ìlú rọlẹ̀, òun àti Margaret Polk kò fẹ́ ara wọn mọ́, òun sì padà sí ojú ogun. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 1944 ó ṣáájú àwọn ọkọ̀ B-29 lọ sí òkè Tokyo. Ó tún bọ̀. 2004 ni ó tó kú, ní arúgbó.

Láti ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2018, ọdún 75 gééré lẹ́yìn ìrìnàjò ìkẹyìn náà, ni a ti ṣí Memphis Belle sílẹ̀ fún ìwòran ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Dayton, ní Ohio, lẹ́yìn tí a tún un ṣe tí ó ń dán. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, ó sì dára kí wọ́n wò ó. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ òfurufú Kẹjọ nìkan, nǹkan bí 26,000 ni ó kú. Ọkọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ òkun àti nínú oko àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ àjèjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnìkan bá dìde láàrin wa, tí ó wí pé, "Báyìí ni mo ṣe tí mo fi là á já," kí a bá a yọ̀, kí a sì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í léèrè pé, àwọn tí ó ṣe bákan náà, tí wọn kò là á já, kí ni orúkọ wọn?